Àdírẹ́sì Àná Kò Lè Gbé Wa Dé Ilé Òní

Ó ku wákàtí 6 péré kí ìforúkọsílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan parí, nígbà tí ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan sáré wọlé tọ̀ mí wá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti wà ní ilé kọ̀ǹpútà, ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ náà kò ṣí. Wọ́n ní ó ti kú." Mo fa fóònù mi yọ, mo tẹ orúkọ ìkànnì náà, ó sì ṣí lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì wo ojú ara wa.

Ilé kọ̀ǹpútà yẹn ni àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti tẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde, nítorí náà a jọ padà lọ síbẹ̀. Mo bá àwọn ọ̀dọ́ mìíràn níbẹ̀ tí wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tẹ ohun kan náà léraléra. Ẹni tí ó ni ilé kọ̀ǹpútà náà kí mi, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀daràn orí ayélujára ni wọ́n kọlu ilé ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ ọ́." Mo na fóònù mi sí i kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wò ó títí, ó ní bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi yàtọ̀ sí tiwọn ni.

Kò mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ba òótọ́ ọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó máa ń bá wọn tún ẹ̀rọ ṣe ni ó wá tú okùn ọ̀rọ̀ náà. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kékeré tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn yòókù, ó tẹ ìlà ọ̀rọ̀ kan, ó ní kí wọ́n pa àwọn ẹ̀rọ yòókù kí wọ́n sì tan wọ́n padà. Kò pẹ́ tí gbogbo wọn fi rí ìkànnì náà. Ọmọ náà forúkọ sílẹ̀, ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀.

Kò sí ọ̀daràn kankan tí ó kọlu ilé ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n kó ìkànnì wọn kúrò lórí sáfà kan lọ sórí òmíràn, wọ́n sì ti sáfà àtijọ́ pa. Ẹ̀rọ ilé kọ̀ǹpútà náà sì ń rántí àdírẹ́sì ti tẹ́lẹ̀. Ó ń rán àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀. Ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣe kò ju pé ó mú kí ẹ̀rọ náà gbàgbé ohun tí ó mọ̀, kí ó lè lọ béèrè ọ̀nà lákọ̀tun.

Ọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbé yìí ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lónìí. Ó dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni ó kàn, nítorí pé nǹkan tí ó ṣe pàtàkì sí ìgbésí ayé wa, láti orí ìdánwò dé orí owó ní báǹkì, orí ayélujára ni ó ń kó sí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Kọ̀ǹpútà kì í fi orúkọ mọ ara wọn, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Àwa ènìyàn ni kò lè rántí nọ́ńbà, tí a fi ń pe orúkọ. Ètò tí ó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà ni wọ́n ń pè ní DNS. Kí ètò yìí tó wà, inú fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT ni wọ́n ń kọ orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ARPANET sí. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SRI ní Califonia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó ń tọ́jú fáìlì náà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ orúkọ tuntun ní láti lọ da fáìlì náà kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àwọn kọ̀ǹpútà náà ṣe ń pọ̀ sí i, fáìlì kan kò lè gba gbogbo wọn mọ́. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò DNS kalẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1987, wọ́n tẹ ìwé méjì jáde, RFC 1034 àti RFC 1035, tí ètò náà ṣì dúró lé lórí títí di òní.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Bí àlejò bá wọ ìlú tí kò mọ̀ rí, tí ó ń wá ilé ẹnì kan, yóò béèrè ní gáréèjì. Àwọn ará gáréèjì lè má mọ onílé náà, ṣùgbọ́n wọn yóò tọ́ka àdúgbò rẹ̀ fún un. Bí ó bá dé àdúgbò, wọn yóò tọ́ka agbo ilé. Inú agbo ilé ni wọn yóò ti mú un dé ẹnu ọ̀nà. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni DNS. Ẹ̀rọ kan wà tí ó máa ń bá wa béèrè ọ̀nà. Resolver ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n amọ̀nà ni èmi yóò máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí. Bí a bá tẹ orúkọ tí ó parí sí .ng, amọ̀nà yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn sáfà gbòǹgbò, tí orúkọ wọn jẹ́ 13, láti A dé M. Àwọn yẹn yóò tọ́ka sí àwọn sáfà .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó ètò wọn ní Nàìjíríà. Àwọn sáfà .ng yóò tọ́ka sí sáfà tí ẹni tí ó ni orúkọ náà fi ìdáhùn sí. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà yóò ti jáde.

Bí amọ̀nà bá ní láti rin ìrìn yìí ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tẹ orúkọ kan, íntánẹ́ẹ̀tì yóò falẹ̀, àwọn sáfà gbòǹgbò kò sì ní sinmi. Nítorí náà ni amọ̀nà ṣe máa ń tọ́jú ìdáhùn tí ó bá rí gbà sínú ibi kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cache. Àpò ìrántí ni mo rí i sí. Bí ẹlòmíràn bá tún béèrè orúkọ kan náà, inú àpò ni yóò ti mú ìdáhùn jáde, kò ní rin ìrìn àjò kankan. Ohun rere ni. Ẹni tí ó bá ń bú àpò ìrántí kò mọ ohun tí ó ń ṣe fún un lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n dá ètò náà sílẹ̀ mọ̀ pé ayé kì í dúró sójú kan. Àwọn àgbà wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi sọ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Babaláwo kì í fi ohun tí Ifá sọ ní ọrún tí ó kọjá ṣe gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀nà kò gbọdọ̀ fi ìdáhùn kan ṣe gbogbo ọjọ́ ayé tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan fi máa ń gbé gbèdéke tirẹ̀ wá. TTL ni wọ́n ń pè é, ìṣẹ́jú-àáyá ni wọ́n sì fi ń kà á. Bí ó bá jẹ́ 300, ìṣẹ́jú 5 ni amọ̀nà lè rántí ìdáhùn náà. Bí ó bá jẹ́ 3,600, wákàtí kan ni. Bí ó bá jẹ́ 86,400, odidi ọjọ́ kan ni. Bí gbèdéke bá pé, amọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ ìdáhùn náà nù, kí ó sì lọ béèrè òmíràn. Ẹni tí ó ni orúkọ ni ó ń yan gbèdéke yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni agbára wà.

Ibí yìí ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń sọ yìí kó ìkànnì rẹ̀ nígbà tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ odidi ọjọ́ kan, nígbà tí ìforúkọsílẹ̀ ku ọjọ́ kan kí ó parí, ó sì ti sáfà àtijọ́ pa ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Gbogbo amọ̀nà tí ó ti béèrè orúkọ náà ní ọjọ́ yẹn ní ẹ̀tọ́ láti máa rántí àdírẹ́sì tí kò sí mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Fóònù tèmi ṣí i nítorí pé amọ̀nà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mi ń lò kò ní àdírẹ́sì àtijọ́ yẹn nínú àpò rẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n ti ń lo ìkànnì náà lójoojúmọ́, tí wọ́n fi ara jìn, ni ìyà jẹ jù. Ẹni tí kò bìkítà, tí kò débẹ̀ rí, ni ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé kékeré ni ọ̀rọ̀ yìí, pé bí a bá fi í sílẹ̀, yóò wo ara rẹ̀ sàn láàrin ọjọ́ kan. Òótọ́ ni pé yóò wo ara rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n ta ni ọjọ́ kan kéré lójú rẹ̀? Ó lè kéré lójú ẹni tí ó jókòó sí ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí lára. Kò kéré lójú ọmọ tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò parí ní ọ̀gànjọ́ òru, tí ó sì ti ná owó ọkọ̀ àti owó kọ̀ǹpútà tí ìyá rẹ̀ yá. Kò kéré lójú oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ó ti kó owó wọn sá lọ nítorí pé ìkànnì rẹ̀ kò ṣí.

Kì í sì í ṣe àwọn tí kò ní owó nìkan ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Slack, tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì káàkiri àgbáyé ń lo ètò rẹ̀ láti bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ń gbìyànjú láti fi DNSSEC sí orúkọ rẹ̀, slack.com. DNSSEC dà bí èdìdì tí ó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni orúkọ ni ìdáhùn ti wá. Ìṣòro kan yọjú, wọ́n sì yára yọ èdìdì náà kúrò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ́yìn yọ. Àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ fún àwọn amọ̀nà pé slack.com ní èdìdì wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bójú tó .com, gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí 24. Amọ̀nà tí ó ti rántí pé èdìdì gbọ́dọ̀ wà, tí kò sì rí i mọ́, kọ̀ láti gba ìdáhùn. Ó rò pé ẹlẹ́tàn ni. Àtúnṣe ti dé, ṣùgbọ́n ìrántí kò jẹ́ kí ó wọlé. Slack ní láti bẹ àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì àti àwọn tí wọ́n ní amọ̀nà ńláńlá pé kí wọ́n gbọn àpò ìrántí wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọlọ́gbọ́n tí ó gbà síṣẹ́, di ẹni tí ó ń bẹ ẹlòmíràn kí ó gbàgbé.

Nígbà tí mo wà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn, a ní ìlànà kan. Bí a bá tẹ àṣìṣe jáde lónìí, a gbọ́dọ̀ tẹ àtúnṣe rẹ̀ jáde ní àtẹ̀jáde tí ó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé ẹni tí ó ra ìwé ìròyìn àná, tí kò ra tòní, kò ní rí àtúnṣe náà láé. Àṣìṣe wa ni yóò máa rò fún ẹlòmíràn ní ọjà àti ní ilé ìjọsìn. Ọ̀rọ̀ DNS sàn ju tiwa lọ ní ọ̀nà kan, nítorí pé gbèdéke wà fún un. Ohun tí ó dùn mí ni pé àwọn tí gbèdéke wà lọ́wọ́ wọn kì í ronú nípa rẹ̀ títí nǹkan yóò fi bàjẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n tan yín, gbígbọn àpò ìrántí kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Slack, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Facebook, WhatsApp àti Instagram kú fún nǹkan bí wákàtí 6. Nígbà tí wọ́n ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, àṣìṣe kan já nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn sáfà DNS wọn sì parẹ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá gbọn àpò ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn kò jèrè ohunkóhun, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò dá amọ̀nà rẹ̀ lóhùn. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìrántí àtijọ́ máa ń wúlò. Ìlànà kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020, RFC 8767, gba amọ̀nà láyè láti máa lo ìdáhùn tí gbèdéke rẹ̀ ti kọjá bí sáfà tí ó yẹ kí ó dá a lóhùn kò bá sí nítòsí. Ó yẹ kí a mọ ìyàtọ̀. Bí onílé bá kó lọ, kí a gbàgbé àdírẹ́sì àtijọ́. Bí ó bá jẹ́ pé afárá ni ó já, ìgbàgbé kò lè tún afárá ṣe.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àpò ìrántí, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àwọn olè. Ní ọdún 2008, Dan Kaminsky, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ẹni ibi lè ti ìdáhùn èké bọ inú àpò ìrántí amọ̀nà. Bí ó bá rí i ṣe, ẹni tí ó tẹ orúkọ báǹkì rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, tí kò ṣi lẹ́tà kan tẹ, lè bá ara rẹ̀ ní ojú ìkànnì olè. Nǹkan náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe ètò DNS fi parapọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, tí wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ kan náà, ní oṣù Keje ọdún yẹn. Amọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò bójú tó, tí wọn kò tún ètò inú rẹ̀ ṣe láti ọdún gbọọrọ, tí kò sí ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń gbọn àpò rẹ̀, kì í ṣe ìnira lásán fún àwọn tí ń lò ó. Ewu ni.

Kí ni kí olúkúlùkù ṣe, nígbà náà? Bí ìkànnì kan kò bá ṣí fún yín, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn. Bí ó bá ṣí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àpò ìrántí jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó fà á. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ ṣí ojú ewé àṣẹ, kí ẹ tẹ ipconfig /flushdns. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, resolvectl flush-caches ni. Aṣàwákiri Chrome náà ní àpò kékeré tirẹ̀, tí ẹ lè gbọ̀n ní ojú ewé chrome://net-internals/#dns. Lórí fóònù, ohun tí ó rọrùn jù ni kí ẹ pa á, kí ẹ sì tan án padà.

Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa ohun méjì. Èkíní, àpò tí aṣàwákiri ń kó àwòrán àti ojú ewé sí yàtọ̀ sí èyí tí mò ń sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n sọ fún pé kí ó "pa cache rẹ́", tí ó lọ pa gbogbo ohun tí aṣàwákiri rẹ̀ mọ̀ rẹ́, tí ó wá ń wá ọ̀rọ̀ aṣínà kiri ní gbogbo ọ̀nà tí ó ti wọlé sí tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ tí àdírẹ́sì àtijọ́ ṣì wà níbi tí ó wà. Èkejì, bí ẹ bá gbọn àpò inú ẹ̀rọ yín, tí amọ̀nà tí ó wà ní ọ́fíìsì tàbí ní ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín kò gbọn tirẹ̀, ìdáhùn àná náà ni yóò tún fún yín. Ìdí nìyẹn tí ọmọ aládùúgbò wa fi pa ẹ̀rọ, tí ó tàn án padà ní ìgbà mélòó kan ní ọjọ́ yẹn, tí kò rí ìyípadà. Àpò tí ó wà níwájú rẹ̀ kọ́ ni ọ̀ràn wà.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé a kò lè di ẹrù yìí lé orí ẹni tí ó ń lo ìkànnì nìkan. Ó ti di àṣà wa ní orílẹ̀-èdè yìí pé bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹni tí ìyà ń jẹ ni a ó ní kí ó lọ tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe. Àwọn mẹ́ta ni ó yẹ kí a bi léèrè ṣáájú rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni tí ó ni ìkànnì. Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ sórí sáfà tuntun, ẹ dín gbèdéke kù sí 300 ṣáájú, kí ẹ sì dúró kí gbèdéke àtijọ́ pé kí ẹ tó kó. Ẹ fi sáfà àtijọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó máa dá àwọn tí kò tí ì gbọ́ lóhùn. Kò náni ju ìfarabalẹ̀ àti owó sáfà ọjọ́ díẹ̀ lọ. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe kó ilé ní ọjọ́ tí àlejò pọ̀ jù. Ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá kó ìkànnì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń parí, tí kò sì fi ọjọ́ kún un fún àwọn ọmọ, ti hùwà àìbìkítà, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè fún un.

Ẹnì kejì ni ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Kí amọ̀nà yín bọ̀wọ̀ fún gbèdéke tí olórúkọ fi síta, kí ó má fi tiwọn kún un. Google ní ojú ewé kan tí ẹnikẹ́ni ti lè ní kí amọ̀nà wọn, 8.8.8.8, gbàgbé orúkọ kan. Cloudflare náà ní irú rẹ̀ fún 1.1.1.1. Kí ni ó dé tí ẹni tí ń sanwó fún yín ní oṣooṣù kò fi lè rí irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín? Kí ni ó dé tí ẹni tí ó bá pe àwọn òṣìṣẹ́ yín lórí fóònù fi máa ń gbọ́ pé kí ó lọ ra dátà mìíràn? Àwọn kan yóò ní kí a kúkú fi amọ̀nà yín sílẹ̀, kí a máa lo ti Google. A lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń bá wa béèrè ọ̀nà mọ gbogbo ibi tí a ń lọ. Kò yẹ kí ó jẹ́ pé àìṣedéédéé yín ni yóò lé wa lọ fi gbogbo ìrìn wa han ilé iṣẹ́ òkèèrè.

Ẹnì kẹta ni àwọn tí wọ́n ní amọ̀nà kéékèèké: ilé kọ̀ǹpútà, ilé ìwé, ọ́fíìsì, ilé ìwòsàn. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wà lẹ́nu iṣẹ́ tí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn wà, tí ó sì mọ bí a ṣe ń gbọn àpò rẹ̀. Bí BIND ni ẹ ń lò, rndc flushname yóò mú un gbàgbé orúkọ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ Unbound, unbound-control flush_zone yóò mú un gbàgbé orúkọ kan àti gbogbo ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí ó ní ìṣòro nìkan ni kí ẹ yọ, ẹ má da gbogbo àpò nù, kí àwọn oníbàárà yòókù má baà tún máa dúró de ìdáhùn tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí a jọ ṣe iṣẹ́ ìròyìn rí. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìkànnì kan kú, ẹ má ṣe tètè kọ ọ́ pé àwọn ọ̀daràn ti kọlù ú. Ẹ wò ó lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ó kéré tán, kí ẹ sì pe àwọn tí wọ́n ni ín. Nígbà tí a padà sílé ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìròyìn ìkọlù náà ti gba gbogbo orí WhatsApp kan. Kò sí àṣẹ tí a lè tẹ tí yóò mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé irú ìyẹn.

Ọmọ aládùúgbò wa ti forúkọ sílẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilé kọ̀ǹpútà náà sọ fún mi pé àwọn ọmọ mẹ́rin mìíràn ti wá láàárọ̀, wọ́n dúró títí di ọ̀sán, wọ́n sì ti padà sílé kí ọ̀dọ́mọkùnrin atúnrọṣe náà tó dé. Ó gbìyànjú láti pe wọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbé ìpè rẹ̀, abúlé tí ó wà sì jìnnà ju kí ó lè padà wá ní alẹ́ yẹn lọ. Àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù lè ṣì gbà títí di òní pé ìkànnì náà kú ní ọjọ́ yẹn, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ ni. Mo kọ èyí kí ẹni tí ó bá jẹ́ òbí wọn, tàbí olùkọ́ wọn, tàbí alábòójútó ìkànnì ilé ẹ̀kọ́ kan, lè mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìkànnì náà wà láàyè. Ẹ̀rọ kan ni kò gbàgbé ní àkókò, nítorí pé àwọn tí ó yẹ kí wọ́n rán an létí kò ronú kan àwọn ọmọ náà.